Èèkàn tí Wọ́n Kàn Mọ́ Bàbá Mi Láyà

Bàbá mi àtàtà,

Mo ti lọ́kọ o! Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn ná, torí bí mi ò bá sọ ọ́, àyà mi lè bẹ́. Mo ti lọ́kọ, ọkọ gidi, tíṣà ni ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọ wa lórí òkè. Ó ga, ó pupa, ó máa ń rẹ́rìn-ín kó tó parí ọ̀rọ̀ tó fẹ́ fi pa mí lẹ́rìn-ín, ó sì ń jẹ gbogbo ohun tí mo bá sè, títí kan èyí tó jóná. Bí mo bá jí láàárọ̀ tí mo rí fìlà rẹ̀ lára ògiri, ṣe ni mo máa ń fẹ́ sáré jáde lọ sí Ọjà'ba, kí n máa pariwo fún àwọn tó ń pàtẹ pé ẹ wá wo nǹkan tí Ọlọ́run ṣe fún mi.

Ṣùgbọ́n inú ń bí mi. Inú ń bí mi sí ìgbìmọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì, inú ń bí mi sí Bàbá Ìjọ tó jẹ́ alága wọn, inú sì ń bí mi sí ẹ̀yin gan-an. Ẹ máa gbọ́ ọ lónìí. Ẹ ò lè sá lọ síbi kankan mọ́.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì fẹ́ kọ́ ilé ìkàwé. Ẹ dúró, ẹ má tíì yọ̀. Ilé ìkàwé onípáànù, tí ìwé máa kún inú rẹ̀ láti ilẹ̀ dé òkè, àti gbọ̀ngàn ńlá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á ti máa pàdé, tí wọ́n á ti máa jiyàn, tí wọ́n á ti máa kọrin, tí wọ́n á ti máa sinmi bí oòrùn bá mú. Ọkọ mi ló ronú rẹ̀, òun náà ló sì ya àwòrán rẹ̀. Mo mọ̀ pé bí ẹ bá wà láyé, ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ ká ṣòkòtò sókè kí ẹ bọ́ sínú amọ̀, torí ta ló ń mọ ògiri tó yín? Mo rántí bí ẹ ṣe máa ń gbóòórùn ìwé kí ẹ tó ṣí i. Ìwé kan ṣoṣo tí ẹ ní, inú igbá ọlọ́mọrí lẹ ń tọ́jú rẹ̀ sí nítorí ikán. Bí ẹ bá ti ibi iṣẹ́ dé, ẹ máa ń fọ ọwọ́ títí dé ìgúnpá, síbẹ̀ amọ̀ tó wà lábẹ́ èékánná yín á ṣì kan ojú ìwé. Ìka yín á máa rìn lábẹ́ ọ̀rọ̀ bí ẹni ń tọpasẹ̀ ẹran. Èmi tí mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ yín á ti kà á tán, n ó dákẹ́, n ó máa dúró dè yín. Ṣé ẹ mọ̀ pé mo máa ń dúró dè yín?

Kí ló wá dé tí inú ń bí mi? Ibi tí wọ́n fẹ́ kọ́ gbọ̀ngàn náà sí ni. Orí sàréè yín ni.

Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe fún ọmọbìnrin ní agboolé wa ní Bẹyẹrúnká láàárọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó. Wọ́n á mú un wọ yàrá bàbá rẹ̀, á kúnlẹ̀, bàbá á gbé ọwọ́ lé e lórí, á súre fún un. Bí bàbá bá ti kú, inú yàrá yẹn náà ni wọ́n ṣáà sin ín sí, ọmọ á kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ tó bò ó, á gba ìre rẹ̀ níbẹ̀. Gbogbo àwọn ọmọ ilé wa ló ṣe bẹ́ẹ̀. Èmi nìkan ni mo ní láti wọ bàtà, kí n ká aṣọ funfun sókè kó má ba à gbálẹ̀, kí n la Ọjà'ba kọjá láàárọ̀ kùtù, kí àwọn èèyàn máa bi Ìyá mi léèrè pé níbo ni ìyàwó ń lọ. Ìyá mi á ní, "Ó ń lọ kí bàbá rẹ̀ ni."

Ta ló fà á? Ẹ̀yin ni. Ẹ̀yin lẹ sọ lórí àìsàn pé inú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì ni kí wọ́n sin yín sí. Bàbá Kékeré, àbúrò yín, ní kò ní ṣẹlẹ̀, ó fi ara dí ẹnu ọ̀nà yàrá. Mo kéré nígbà náà, ṣùgbọ́n mo rántí. Àwọn ará ìjọ ń fa pósí, àwọn ará ilé ń fà á padà, Bàbá Ìjọ sì ń kọrin sókè kí a má ba à gbọ́ ẹkún. Wọ́n borí. Wọ́n gbé yín gba àárín ọjà, gbogbo ìlú ń wò. Láti ọjọ́ náà ni Bàbá Ìjọ ti ń fi yín wàásù, pé ẹ̀yin lẹni àkọ́kọ́ ní Bẹyẹrúnká tó kọ ilé bàbá rẹ̀ sílẹ̀ fún ilé Ọlọ́run. Àbúrò yín ò bá Ìyá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Ìyá mi kó mi, ó kó ìkòkò aró rẹ̀, a lọ ń gbé lọ́dọ̀ àwọn èèyàn rẹ̀ ní Bẹẹrẹ. Ṣé ẹ ro ìyẹn, kí ẹ tó kọjú sí ògiri kí ẹ sì kú?

Ìjọ tó jà fún òkú yín bẹ́ẹ̀ ò fi òkúta kankan sí orí yín. Àgbélébùú igi ni wọ́n fi síbẹ̀, ikán sì jẹ ẹ́. Ìyá mi ló mú ọrùn ìkòkò aró rẹ̀ kan tó fọ́, ó rì í mọ́lẹ̀ sórí yín lábẹ́ igi ìyeyè, kí a lè máa mọ ibi tí ẹ wà. Aró ti mu ún títí ó fi dúdú. Òun ni òkúta yín.

Ní àárọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó mi, a débẹ̀, ìkòkò ò sí. Àfọ́kù rẹ̀ fọ́n káàkiri. Wọ́n ti ro gbogbo ibẹ̀, wọ́n ta okùn funfun láti ìhín dé ọ̀hún, wọ́n sì kan èèkàn pákó tó ní ọ̀dà pupa lórí mọ́ ibi tí àyà yín wà gan-an.

Ìyá mi wò ó títí. Ó ní, "Ewúrẹ́ ta ni wọ́n fẹ́ so mọ́ ọkọ mi?"

Bàbá, mi ò kúnlẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Mi ò tilẹ̀ rántí ohun tí mo bá wá. Mo bọ́ ìbọ̀wọ́, mo di èèkàn náà mú, mo mì í bí ẹni ń wu ẹ̀gẹ́, mo fà á tu. Mo rí i pé àwọn yòókù wà nínú koríko, mo fà wọ́n tu pẹ̀lú, gbogbo wọn, Ìyá mi ń ká okùn tẹ̀lé mi. Ó di èèkàn sínú ìborùn rẹ̀, ó ṣa àfọ́kù ìkòkò sínú ìṣẹ́po aṣọ rẹ̀. Agogo ṣọ́ọ̀ṣì ti ń lù. Mo wọ ìbọ̀wọ́ padà bo ọwọ́ tó kún fún iyẹ̀pẹ̀, a sì gba ibẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyá mi jókòó níwájú, ó gbé èèkàn wọn lé ẹsẹ̀ bí ẹni gbé ọmọ.

Òyìnbó tó jẹ́ olórí kọ́lẹ́ẹ̀jì ló so wá pọ̀. Ó ń bi mí ní Yorùbá rẹ̀ tí kò ní òkè, tí kò ní ìsàlẹ̀, bóyá mo gbà láti fẹ́ ọkùnrin yìí. Ọkùnrin yìí ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo fẹnu sí i létí.

"Tíṣà, ta ló kan èèkàn sábẹ́ igi ìyeyè?"

"Èmi ni," ó wí, ẹ̀rín ò kúrò lẹ́nu rẹ̀. "Ibi tí gbọ̀ngàn máa wà nìyẹn. Ṣé o ti rí i?"

"Bàbá mi ló wà níbẹ̀."

Ẹ̀rín kú lójú rẹ̀. "Wọ́n ní kò sẹ́ni níbẹ̀. Bàbá Ìjọ ní ẹbọ ni wọ́n rì síbẹ̀, òun sì ti fọ́ ọ."

Òyìnbó tún bi mí. Àwọn èèyàn ti ń kùn lẹ́yìn wa. Mo gbọ́ tí ẹnì kan ní, "Ó fẹ́ kọ̀ ọ́ o!"

"Ṣé ẹ máa yọ ọ́?" mo bi í.

"Lónìí yìí, màá yọ ọ́."

"Mo ti yọ ọ́."

Ó wo ìbọ̀wọ́ mi. Iyẹ̀pẹ̀ ti ń yọ níbi ọrùn ọwọ́. Bàbá, ó bú sẹ́rìn-ín níwájú pẹpẹ! Ibẹ̀ ni mo ti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, mo gbà, mo pariwo rẹ̀ débi pé òyìnbó fò sẹ́yìn. Mi ò fẹ́ràn ẹnikẹ́ni tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

Àwọn èèkàn yẹn ni Ìyá mi fi dáná ẹran ìyàwó ní Bẹẹrẹ. Ó ń kó wọn sábẹ́ ìkòkò, ó ń sọ fún àwọn tó ń bá a sè pé, "Igi àwọn ọ̀mọ̀wé mà ń jó dáadáa o." Bàbá Ìjọ dé, ó jókòó, ó mú ẹran tó sanra.

"Àwọn kèfèrí ti fa èèkàn wa tu," ó wí, ó ń jẹun lọ. "Ọlọ́run á fi ojú ẹni tó ṣe é hàn."

"Àmín," ni Ìyá mi wí. "Ẹ tún mú ẹran sí i, Bàbá. Ó jinná, àbí kò jinná?"

"Ó jinná gan-an ni."

Mo kó sínú yàrá lọ rẹ́rìn-ín. Mo ti fi èèkàn kan pa mọ́ sínú ẹrù ìyàwó mi, èyí tó wà láyà yín.

Ẹ má rò pé ibẹ̀ ló parí sí. Wọ́n gbẹ́ èèkàn tuntun, wọ́n ní kí ọkọ mi lọ kàn án. Ó ní òun ò ní kàn án mọ́ àna òun. Bàbá Ìjọ ní tíṣà tí ìyàwó rẹ̀ ń darí ò yẹ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, pé kí wọ́n gbé e lọ sí oko kan tó jìn, níbi tí kò ti ní rí ilé ìkàwé yà. Ìgbéyàwó tí ò tíì pé oṣù! Wọ́n pe ìpàdé.

Mo sáré lọ sí Bẹyẹrúnká. Bàbá Kékeré wà lórí ẹní rẹ̀ pẹ̀lú tẹ̀sùbáà, ó ti darúgbó, Bàbá, irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un bí ọkùnrin, torí mi ò mọ èyí tí màá ṣe mọ́.

"Dìde, ìyàwó. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

Mo sọ gbogbo rẹ̀. "Ẹ kàn bá mi lọ dẹ́rù bà wọ́n," mo wí. "Ẹ ní bí wọ́n bá fẹ́ hú òkú bàbá mi, kí wọ́n gbé e fún yín."

Tẹ̀sùbáà dúró lọ́wọ́ rẹ̀. "Ṣé wọ́n lè gbé e fún mi?"

"Ẹ ṣáà sọ bẹ́ẹ̀."

"Màá wá," ó wí.

Inú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ fọwọ́ ara yín mọ ni wọ́n ti ṣèpàdé. Ipa ìka yín ṣì wà lára ògiri rẹ̀ lẹ́bàá fèrèsé. Bàbá Ìjọ sì jókòó, ó fi ẹ̀yìn ti yín.

"Obìnrin kì í jókòó nínú ìgbìmọ̀," ó wí bó ṣe rí mi.

"Mo dúró, sà," mo dá a lóhùn. "Ìyá mi náà dúró."

Òyìnbó ṣe pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó ní àwọn á kó egungun yín jọ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, wọ́n á gbé e kọjá odò lọ sí ilẹ̀ tuntun tí ìjọ gbà, wọ́n á sì kọrin. "Orin dáadáa," ó wí.

"Egungun wo?" ni Bàbá Ìjọ wí. "Kò sí òkúta níbẹ̀. Ta ló mọ ibi tó wà?"

Ìyá mi tú ìṣẹ́po aṣọ rẹ̀, ó da àfọ́kù ìkòkò sórí àwòrán wọn. "Òkúta rẹ̀ rèé. Ẹ̀yin lẹ fọ́ ọ. Ẹ wo ọwọ́ yín bóyá aró ò sí níbẹ̀."

Bàbá Kékeré wá dìde láti ẹnu ọ̀nà. Ó gbé ọkọ́ lé èjìká.

"Ẹ kú ìpàdé," ó wí. "Mi ò bá yín jà o. Ẹ̀yin lẹ ní kò sí ibi tó dáa tó ọgbà yín fún un, ẹ gbà á lọ́wọ́ mi. Ẹ ti wá fẹ́ fi ọgbà náà ṣe nǹkan mìíràn báyìí, àbí? Ẹ gbé e fún wa. A ti gbá yàrá rẹ̀. Ọ̀nà tí ẹ gbé e gbà náà la máa gbé e padà, Ọjà'ba, lójú gbogbo ayé. A ó kọrin pẹ̀lú. Orin dáadáa."

Bàbá, ẹ ò bá ti rí ojú Bàbá Ìjọ! Gbogbo ìwàásù tó ti fi yín ṣe láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin yín ló ń gba ojú rẹ̀ kọjá. Bí ẹ bá padà sílé, gbogbo ilé tó ní òkú nínú ọgbà yẹn ló máa gbé ọkọ́ dé lọ́jọ́ kejì. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ Gẹ̀ẹ́sì láàárín ara wọn, wọ́n gbàgbé pé ẹ rán mi nílé ìwé. Bàbá Ìjọ ní kí òyìnbó má dá mi lóhùn, pé ìyàwó tuntun ni mí, pé bí mo bá lóyún màá gbàgbé gbogbo rẹ̀. Mo fi Gẹ̀ẹ́sì dá a lóhùn pé oyún kì í di èèyàn létí, pé ọmọ tí mo bá sì bí, ọwọ́ mi ni màá fi mú un wá síbí, màá fi ìdí gbọ̀ngàn hàn án, màá sọ fún un pé bàbá àgbà rẹ̀ ló wà lábẹ́ ẹsẹ̀ àwọn tó ń jó yẹn.

Òyìnbó wò mí. Ó wo àfọ́kù ìkòkò. Ó bi ọkọ mi bóyá gbọ̀ngàn náà lè sún.

"Ó ti sún, sà," ni ọkọ mi wí. Ó ti fi èédú ya gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ yàrá wa, mo sì ti ń fo àwòrán náà kọjá bí mo bá fẹ́ lọ gbé omi. Ó fìka hàn wọ́n: ilé ìkàwé dúró níbi tó wà, gbọ̀ngàn sún mọ́ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ yín, igi ìyeyè àti ẹ̀yin wà láàárín, kò sí ohun tó kàn yín. Wọ́n gbà á. Bàbá Ìjọ ló gbà á kẹ́yìn, ó sì ṣe é bí ẹni gbé ewúro mì. Ìyá mi ṣa àfọ́kù ìkòkò rẹ̀ padà sínú ìṣẹ́po aṣọ.

Mo ń jó lójú ọ̀nà. Mo ń sín Bàbá Ìjọ jẹ, ọkọ mi ń bẹ̀ mí pé kí n rọra, òun gan-an sì ń rẹ́rìn-ín. Bàbá Kékeré ń bọ̀ lẹ́yìn, ọkọ́ lórí èjìká rẹ̀. Nígbà tí a dé Ọjà'ba, ó ní:

"Wọn ò ní gbé e mọ́ nìyẹn?"

"Wọn ò ní gbé e mọ́, Bàbá Kékeré! A ti borí!"

"Mo ti gbẹ́ ẹ."

"Ẹ ti gbẹ́ kí ni?"

"Ilẹ̀ yàrá rẹ̀."

Ijó kúrò lẹ́sẹ̀ mi. "Mo rò pé ẹ ń dẹ́rù bà wọ́n ni."

"Ìwọ lò ń dẹ́rù bà wọ́n," ó wí. "Wàláhì, èmi ń fẹ́ ẹ̀gbọ́n mi."

Gbogbo wa bá a lọ sílé. Ìyá mi ò tíì wọ agboolé yẹn láti ọjọ́ tí wọ́n gbé yín jáde. Yàrá yín mọ́ tónítóní, ihò náà sì wà láàárín rẹ̀, ó gún régé, Bàbá Kékeré ti fi ọwọ́ dán ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí ẹ ṣe máa ń dán ògiri. Òkiti iyẹ̀pẹ̀ wà nídìí ògiri níbi tí igbá ìwé yín máa ń wà. Ẹ mọ̀ pé a kì í fi irú ihò bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ lásán nílé wa. Ó gbọ́dọ̀ gba nǹkan kí a tó dí i. A dúró, a ń wò ó. Ìyá mi ló kọ́kọ́ mira. Ó tún ìṣẹ́po aṣọ rẹ̀ tú, ó kó àfọ́kù ìkòkò fún àbúrò yín, òun náà sì fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó tò wọ́n síbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò jẹ́ kí ọkọ mi bá òun dí i. Ó po amọ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ́ ilẹ̀ náà títí tí kò fi sí àpá kankan mọ́.

Ó wá wo èmi. "Kúnlẹ̀."

"Bàbá Kékeré?"

"O sọ fún mi pé o ò kúnlẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Kúnlẹ̀."

Mo kúnlẹ̀ lórí amọ̀ tútù. Ó gbé ọwọ́ lé mi lórí pẹ̀lú ẹrẹ̀ tó wà lára rẹ̀, ó ṣe àdúrà Lárúbáwá, ó ṣe ti Yorùbá, ó dárúkọ yín, ó sì bá yín súre fún mi. Ọkọ mi ṣe àmín tó ga ju ti gbogbo wa lọ.

Bàbá, èwo lẹ fẹ́? Ṣé ẹ gbọ́ ìró ọkọ́ rẹ̀ nígbà tó ń gbẹ́ ẹ? Kí ló dé tí ẹ ò pe àbúrò yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní nígbà náà, kí ẹ ṣàlàyé fún un, kó tó di pé àlejò ló ń sọ fún un níbi tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ máa sùn? Èyí ni mo ń bínú sí yín fún. Mo jà kí ẹ lè dúró síbi tí ẹ ní ẹ fẹ́, mo borí, ó sì dùn mí nítorí àbúrò yín.

Ìyá mi ti fọ́ ìkòkò aró mìíràn. Èyí ò ní àléébù kankan, ó fọ́ ọ nítorí yín ni. Ó ri ọrùn rẹ̀ mọ́lẹ̀ sórí yín lójú Bàbá Ìjọ, ó gbòòrò ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bàbá Ìjọ ò dá mi lóhùn mọ́ bí mo bá kí i, nítorí náà mo máa ń kí i sókè. Wọ́n ní obìnrin ò ní wọ ilé ìkàwé náà. A ó rí i. Ọkọ mi ti ṣèlérí pé òun á máa mú ìwé wálé fún mi, mo sì ti fi igbá ọlọ́mọrí kan sílẹ̀ dè é.

Èèkàn yín wà lára ògiri wa, ọ̀dà pupa náà ò tíì ṣí. Òun ni ọkọ mi ń fi fìlà rẹ̀ kọ́. Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, kó tó kí mi, á fi fìlà kọ́ ọ, á ní, "Ẹ kú ilé, Bàbá."

Wọ́n ti ń wa ìpìlẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ ariwo, ẹ má mira, kì í ṣe ẹ̀yin ni wọ́n ń wá. Bí wọ́n bá sì fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo kọjá ibi tí ọkọ mi yà fún wọn, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fún mi. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń fà á tu.

Èmi ni ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tó ṣì ń bínú sí yín,
ìyàwó Tíṣà.